Àwo Tí Alhaja Mùjídàt Àbẹ̀ní Máa Ń Fọ̀

Bisimilahi. Àwa ọmọ àti ẹbí Ọládépò kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ jókòó tì wá níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ yìí. Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Ẹ̀yin tí ẹ ti Ọ̀yọ́ wá láàárọ̀ nínú kùrukùru, ẹ kú ìrìn. Èmi Zulaikha, ọmọ kejì, ni wọ́n fún ní bírò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á dé òpin, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ tí àwa ọmọ pàápàá kò mọ̀ títí tí ìyá wa fi kú.

Ìlú Ọ̀yọ́ ni wọ́n ti bí Alhaja Mùjídàt Àbẹ̀ní lọ́dún 1954, ní agbo ilé àwọn oníṣọ̀nà awọ, níbi téèyàn ti lè gbọ́ ariwo ọjà Akẹ̀sán láì dìde lórí ẹní. Bàbá wọn ni Bàbá Sùlè Àlàmú, tó ń rán tìmùtìmù, ìjókòó aláwọ tí wọ́n ń ki òwú sí nínú. Ìyá wọn ni Sàlámátù Àṣàkẹ́, tó ń ta ilá gbígbẹ. Kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí náà sílẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé òjò ọdún yẹn pọ̀ débi pé awọ tí Bàbá sá kò gbẹ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, Bàbá sì ń sọ fún gbogbo èèyàn pé ọmọ yìí ló gbé òjò dání wá.

Ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo ni Alhaja ní, Alhaja Hajarat, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Àgbà. Ọdún méje ni wọ́n fi ju Alhaja lọ. Àwọn ló jókòó síwájú yẹn, tí wọ́n fi ìborùn funfun borí, tí wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni fà wọ́n lọ́wọ́ wọlé. Lọ́dún 1961 ni Sàlámátù ìyá wọn kú. Ọmọ ọdún méje ni Alhaja, Màmá Àgbà sì jẹ́ mẹ́rìnlá. Nínú gbogbo ẹrù ìyá wọn, ohun tí Màmá Àgbà bẹ̀bẹ̀ fún kò ju àwo tánganran funfun kan lọ, tí etí rẹ̀ jẹ́ búlúù. Inú àwo yẹn ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ti ń jẹun láti ọjọ́ náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nílé wa ni pé àgbà ló ń kọ́kọ́ fọwọ́, àbúrò ló ń fọ àwo. Alhaja kò janpata lórí rẹ̀ rí, àfi lọ́jọ́ tí epo bá pọ̀ jù nínú ọbẹ̀.

Nígbà tí ààwẹ̀ ọdún tó tẹ̀ lé e dé, Alhaja ní àwọn náà fẹ́ gbà á. Kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, Màmá Àgbà jí wọn kí wọ́n wá jẹ sààrì, wọn kò jí. Màmá Àgbà bá gbé wọn jókòó, wọ́n fi tìmùtìmù ti ẹ̀yìn wọn, wọ́n sì ń fi ọwọ́ bu ìrẹsì sí wọn lẹ́nu. Alhaja ń jẹun, wọ́n ń sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n bú sẹ́kún pé wọ́n rẹ́ àwọn jẹ, pé ojú àlá ni gbogbo oúnjẹ tí àwọn rí. Màmá Àgbà gbé àwo lé wọn lọ́wọ́. "Ó yá, lọ fọ̀ ọ́. Bí o bá ń fọ̀ ọ́, wàá mọ̀ pé a jẹun." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ara wọn lẹ́fẹ̀ fún ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Alhaja lọ sí ilé kéú, wọ́n sì ka ìwé mẹ́fà ní Ọ̀yọ́, wọ́n parí ní 1968. Iṣẹ́ olùkọ́ ló wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ojú Bàbá Sùlè ti ń ṣú, òwú kò wọ ihò abẹ́rẹ́ mọ́ lọ́wọ́ wọn, Alhaja bá jókòó tì wọ́n, wọ́n ń rán awọ. Tìmùtìmù mẹ́ta tí Bàbá Sùlè ṣe kẹ́yìn ṣì wà ní yàrá Màmá Àgbà di òní, Alhaja ló sì rán èyí tó pọ̀ jù lára wọn.

Ibi iṣẹ́ awọ náà ni ọkọ ti rí wọn. Alhaji Ràímì Ọládépò, káfíńtà ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, wá ra awọ tí wọ́n fẹ́ fi bo àga. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n tún wá ra awọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Màmá Àgbà bi wọ́n léèrè pé àga mélòó ló kù ní gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ tí kò tíì láwọ lára. Wọ́n ṣe yìgì ní 1977. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ: Kabir, èmi Zulaikha, àti Abdulqoyum. Màmá Àgbà kò bímọ ní tiwọn. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ nílé wa, torí bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè ọmọ, Alhaja ni wọ́n máa ń nàka sí.

Ní 1980, Alhaja ṣí ṣọ́ọ̀bù bàtà àti àpò aláwọ ní Ọjà Igbó ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú ọkọ wọn. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì pọ̀ sí i nílùú, wọ́n ṣí kékeré kan ní Under G, àdúgbò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, níbi tí wọ́n ti ń bá wọn rán okùn báàgì tó já. Ìyá Aláwọ ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀. Wọ́n lọ sí Mẹ́kà ní 1999. Wọn kì í pa àsàlátù ọjọ́ Sọ́ńdè jẹ, àwọn sì ni wọ́n ń rán ẹní mọ́ṣáláṣí tó bá ya, láìjẹ́ pé wọ́n rán wọn níṣẹ́. Lẹ́yìn tí ọkọ wọn kú ní 2009, ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè yẹ̀: ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn nínú ààwẹ̀, Ọ̀yọ́ ni wọ́n máa ń wà, lọ́dọ̀ Màmá Àgbà, nídìí àwo tánganran.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti rí àìsàn wọn. Nínú ààwẹ̀ ọdún 2018, apá ọ̀dọ̀ Màmá Àgbà nínú àwo á tán, apá ọ̀dọ̀ Alhaja á wà bó ṣe wà. Òkèlè kan, omi ife kan. Alhaja ní iyán náà ló le. Màmá Àgbà tẹ ẹ̀bà rírọ̀, Alhaja ní ó kan jù. Ìgbà tí àkàmù pàápàá dúró láyà wọn kó tó lọ, Màmá Àgbà tẹ ẹ̀gbọ́n mi láago. "Kabir, wá mú ìyá ẹ lọ sọ́sibítù. Oúnjẹ ò lọ mọ́."

Ní ọsibítù ńlá kan ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ki rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní kámẹ́rà lórí sí wọn lọ́nà ọ̀fun. Àrùn jẹjẹrẹ ló wà níbẹ̀, nísàlẹ̀, níbi tí ọ̀nà oúnjẹ ti fẹ́ kan inú. Alihamudulilahi, kò tíì ràn ká. Dókítà, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan, ṣàlàyé pé àwọn á kọ́kọ́ fa oògùn sí wọn lára lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí kókó náà lè sún kì, lẹ́yìn náà wọ́n á gé ibi tó bàjẹ́ dànù, wọ́n á wá fa àpò inú tí oúnjẹ ń bọ́ sí gòkè láti fi rọ́pò rẹ̀. Alhaja tẹ́tí sílẹ̀ dáadáa. Wọ́n ní, "Dókítà, ẹ̀ ń sọ pé ẹ máa gé awọ, kẹ́ ẹ wá fa ìyókù kó kárí?" Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni. Alhaja ní, "Mo ti ṣe é rí." Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n tún béèrè: bóyá àwọn á tún lè bá ẹ̀gbọ́n àwọn jẹun nínú àwo kan náà. Dókítà kò ṣèlérí. Ó ní ẹ jẹ́ ká ṣe é ná.

Oṣù Keje sí Oṣù Kẹsàn-án ni wọ́n fi gba oògùn. Irun wọn re. Omi tutù ń dà bí irin lẹ́nu wọn. Àwọn oníṣẹ́ ọsibítù fún wọn ní ohun èlò oníke kan tó ní bọ́ọ̀lù kéékèèké mẹ́ta nínú, pé kí wọ́n máa fa èémí sínú kí bọ́ọ̀lù lè gòkè, kí ẹ̀dọ̀fóró wọn lè lágbára fún iṣẹ́ abẹ. Màmá Àgbà, tí wọ́n ti gbé àwo tánganran dání kó wá sí Ògbómọ̀ṣọ́ láti tọ́jú wọn, máa ń gbà á lọ́wọ́ wọn láti bá wọn du ìdíje. Bọ́ọ̀lù kan ṣoṣo ló ń gòkè fún Màmá Àgbà. Alhaja á rẹ́rìn-ín títí ikọ́ á fi dé.

Oògùn náà ń mú wọn sùn lọ́sàn-án. Wọ́n á fara ti ògiri ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú wọn á pa dé, aṣọ tí a sá á máa fẹ́ lójú afẹ́fẹ́, ohùn àwọn tó ń kọjá á jìnnà. Bí wọ́n bá lajú, wọ́n á ní Ọ̀yọ́ ni àwọn ti ń bọ̀. Wọ́n ní òjò ń rọ̀ sórí awọ Bàbá, pé ìyá àwọn fún àwọn lómi nínú ìkòkò tútù, àwọn mu, omi náà kàn ń lọ, ó ń lọ tààrà, kò dúró níbì kankan. Wọ́n á tún dijú kí wọ́n lè padà síbẹ̀. A kì í jí wọn. Ẹ̀rù ń bà wá gan-an nígbà yẹn, ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́.

Ọjọ́ Àtàlátà, ọjọ́ kejì Oṣù Kẹwàá, ni wọ́n fi iṣẹ́ abẹ sí. Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún gbogbo wa ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé láti aago mẹ́wàá lọ, omi pàápàá kò gbọdọ̀ kàn wọ́n lẹ́nu. Nígbà tí àwa ọmọ dé láàárọ̀ bá Alhaja àti Màmá Àgbà tó sùn tì wọ́n, fúláàsì àti àwo tánganran wà lórí tábìlì ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, àkàmù sì ti gbẹ mọ́ àwo létí. Dókítà béèrè ẹni tó jẹun. Alhaja wo àwo náà fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Èmi ni, dókítà. Ebi ló pa mí, mo dìde po àkàmù mu. Ẹ má bínú." Dókítà ní bí wọ́n bá kun èèyàn lóorun pẹ̀lú oúnjẹ nínú, oúnjẹ náà lè gòkè wá dí ẹ̀dọ̀fóró pa. Wọ́n gbé iṣẹ́ abẹ kúrò, ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú jẹjẹrẹ lọ́fun!

Kabir ló gbaná jẹ jù. Ó dúró níwájú bẹ́ẹ̀dì, ó ní, "Màámi, tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ kú ni, ẹ sọ fún wa ká mọ̀. A ti sáré sáré, ẹ ò lè mójú kúrò lára àkàmù!" Alhaja ní, "Má bínú, ọkọ mi." Ìyẹn nìkan. Kabir wá yíjú sí Màmá Àgbà, ó ní Màmá nìkan ló kù tó lóye nínú ilé yìí, pé kí wọ́n má fi ojú kúrò lára ìyá wa mọ́, kí wọ́n má jẹ̀ẹ́ kí Alhaja tún rí oúnjẹ jí jẹ. Màmá Àgbà rọra jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. A rò pé ó rẹ̀ wọ́n ni.

Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù náà ni wọ́n wá ṣe é. Wákàtí méje. Màmá Àgbà jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá iṣẹ́ abẹ, wọ́n kọ àga, tẹ̀sùbáà wà lọ́wọ́ wọn látàárọ̀. Nígbà tí wọ́n ti Alhaja jáde, rọ́bà wà nímú wọn, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìhà, ó wà ní ikùn, èyí tí wọ́n ń gbà fún wọn lóúnjẹ. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án, ohunkóhun kò gba ẹnu wọn kọjá. Ní ọjọ́ kẹwàá ni dókítà ní kí wọ́n fún wọn ní omi ṣíbí kan. Màmá Àgbà ló mú ṣíbí náà. Alhaja gbé omi náà mì. Wọ́n dijú. Wọ́n lajú, wọ́n ní, "Ó lọ."

Ọ̀yọ́ ni wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ sinmi. Dókítà ti kìlọ̀ pé wọn kò gbọdọ̀ nà gbalaja sùn mọ́ láyé wọn, torí oúnjẹ lè padà gòkè. Màmá Àgbà kó tìmùtìmù Bàbá Sùlè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí bẹ́ẹ̀dì, Alhaja sì ń sùn lórí ìjókòó, nínú awọ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn rán. Ẹ̀ẹ̀meje ni wọ́n ń jẹun lójúmọ́, díẹ̀ díẹ̀, bí ẹni ń bọ́ ẹyẹ. Bí ṣúgà bá pọ̀ nínú àkàmù, òógùn á bò wọ́n, àyà wọn á máa já. Ìgbà mìíràn wà tí wọ́n á gbé ṣíbí jù sílẹ̀, wọ́n á sunkún pé oúnjẹ ti di iṣẹ́. Màmá Àgbà á dúró tì wọ́n títí ẹkún á fi tán, wọ́n á ní, "Ó ku ṣíbí méjì." Nígbà tí ọyẹ́ dé, àwọn méjèèjì ń rìn dé ẹnu ọjà Akẹ̀sán láàárọ̀, nínú kùrukùru, jẹ́jẹ́, láì ra nǹkan kan, wọ́n á sì padà. Alhaja ní ó dà bí àlá, kò dà bíi pé àwọn jí rárá.

Nínú ààwẹ̀ 2019, dókítà kò gbà kí Alhaja gbààwẹ̀. Wọ́n bọ́ àwọn aláìní dípò rẹ̀, bí ẹ̀sìn ṣe wí. Síbẹ̀ wọ́n jí lásìkò sààrì, wọ́n jókòó ti Màmá Àgbà, wọ́n sì nawọ́ sí àwo. Òkèlè mẹ́ta, kékeré-kékeré. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé àwo, wọ́n fọ̀ ọ́. Àwa tí a wà níbẹ̀ gbọ́ bí Màmá Àgbà ṣe bú sẹ́kún ní yàrá. Ayọ̀ ni a pè é.

Ọdún méje ni Ọlọ́run fi kún un. Jẹjẹrẹ kò padà wá. Alhaja padà sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n rí ìgbéyàwó Abdulqoyum, wọ́n sọ ọmọ-ọmọ mẹ́ta lórúkọ. Bí wọ́n bá gbọ́ pé ẹnìkan ń ṣàìsàn bíi tiwọn, wọ́n á wọ mọ́tò lọ bá a, wọ́n á jókòó tì í, wọ́n á sọ pé, "Tèmi lọ. Tìrẹ náà á lọ." Ní Àlàmísì, ọjọ́ kẹtàlá Oṣù Kọkànlá, ọdún 2025, lẹ́yìn ìrun Àìlà, àwọn àti Màmá Àgbà jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín nínú àwo kan náà ní Ọ̀yọ́. Alhaja ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, mo yó." Wọ́n fẹ̀yìn ti tìmùtìmù, wọ́n dijú. Màmá Àgbà rò pé wọ́n ń dọ́gbọ́n sá fún àwo fífọ̀ ni. Wọ́n fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà díẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin ni wọ́n. A sin wọ́n lárọ̀ọ́ Jímọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ wọn.

Àwọn tí wọ́n gbẹ̀yìn wọn ni Alhaja Hajarat, ẹ̀gbọ́n wọn. Kabir, Zulaikha àti Abdulqoyum, ọmọ wọn, pẹ̀lú àwọn ìyàwó àti ọkọ. Ọmọ-ọmọ mẹ́jọ, tí Mubaraq jẹ́ àgbà wọn, tí Waliyat kékeré, tó ń bèèrè Ìyá Aláwọ láràárọ̀, sì jẹ́ àbíkẹ́yìn.

Ibi tí ó yẹ kí ìtàn yìí parí sí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kẹta, Màmá Àgbà pe àwa ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wọ yàrá wọn. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé à ń kọ ìtàn, àwọn kò sì lè jókòó níbi fídáù ọjọ́ kẹjọ kí wọ́n máa ka irọ́ sí àwọn létí.

"Èmi ni mo fún un ní àkàmù. Mo gbọ́ ohun tí nọ́ọ̀sì sọ, mo gbọ́ ọ yékéyéké. Àmọ́ láti ìgbà tí ìyá wa ti kú, Mùjídàt ò gbààwẹ̀ kan rí lọ́dọ̀ mi kí n má fún un ní sààrì. Mo wò ó bó ṣe rù. Wọ́n ní kò ní jẹ nǹkan kan títí di ìrọ̀lẹ́. Ara mi ò gbà á. Mo gbé e jókòó, oorun ló ń sùn. Ṣíbí márùn-ún ló lọ. Ó ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, mo yó.' Kò lajú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò mọ̀ pé òun jẹ nǹkan kan. Àwo ló rí. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀, ó di ọwọ́ mi mú lábẹ́ aṣọ ìbora. Lẹ́yìn tí ẹ lọ tán, ó ní bí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní jẹ̀ẹ́ kí n sún mọ́ òun mọ́, òun ò sì lè wọ yàrá abẹ kí n má wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, ó tún bò mí láṣìírí. Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀."

Kabir dìde, ó tún jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi tí kì í sunkún dọ̀bálẹ̀ gbalaja sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ó ní, "Màmá, oúnjẹ lẹ fún wọn. Èmi ni mo sọ pé wọ́n fẹ́ kú. Wọ́n ní kí n má bínú. Ọdún méje, mi ò bẹ̀ wọ́n." Màmá Àgbà fọwọ́ lé e lórí. Oòrùn ń gba ojú fèrèsé wọlé sórí tìmùtìmù mẹ́ta, ibi tí ẹ̀yìn Alhaja ti tẹ̀ wọ́n ṣì kòtò díẹ̀.

Àwo tánganran náà wà lórí àpótí láti Àlàmísì, Màmá Àgbà fi tírè bò ó, wọn kò gbà kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Kabir ní òun á lọ fọ̀ ọ́. Màmá Àgbà gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n jókòó sórí àpótí ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́rin, Kabir ń bu omi, wọ́n ń fọ àwo fún ìgbà àkọ́kọ́ láti 1961. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ kí n fọ̀ ọ́, kí n lè mọ̀ pé a jẹun."

Ọlọ́run kẹ́ wọn, kó sọ sàréè wọn di àyè gbígbòòrò. Màámi, ẹ lè nà gbalaja báyìí, ẹ sùn dáadáa. A ti fọ àwo.